Kọ̀ǹpútà ilé tó ti ń gbó: ká fọ́máàtì í ni, ká fi RAM kún un ni, àbí ká ra òmíràn?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Bàbá Tíṣà, Ìkọ̀lé-Èkìtì:

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, mo kí yín o. Kọ̀ǹpútà alágbèéká HP kan wà nílé mi, Core i3, RAM 4GB, háádì 500GB, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọmọ mi rà á fún mi nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Àkọsílẹ̀ owó ìjọ àti ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ni mo fi ń tẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì fi ń dánra wò fún JAMB. Ní báyìí, bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè lọ wẹ̀, kí n mu ẹ̀kọ mi tán, kí n padà wá bá a kí róbótó kan ṣì máa yí kiri lójú rẹ̀. Bí mo bá ṣí Word, ó di ọ̀rọ̀ àdúrà. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní kí n gbé e wá kí òun fọ́máàtì í. Ọmọ mi ní RAM ni kí n fi kún un. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó ti darúgbó, kí n gbé e jù sígbó. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Owó ìfẹ̀yìntì ni mo ń ná, ẹ má fi kọ́ṣẹ́ o.

* * *

Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì ohunkóhun ná, ẹ má sì tíì ra nǹkan kan. Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá tàn án tí ojú rẹ̀ sì jáde tán, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager ló máa ṣí. Bó bá jẹ́ kékeré ló ṣí, ẹ tẹ "More details" nísàlẹ̀. Ẹ ó rí CPU, Memory àti Disk lókè, pẹ̀lú ìdá tí wọ́n ń lò nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ kàn máa wò ó. Bó bá jẹ́ Disk ló lọ sí 100% tó jókòó síbẹ̀, háádì, ibi tí gbogbo fáìlì yín wà, ni wàhálà yín. Bó bá jẹ́ Memory ló kún kọjá 90%, RAM ni, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ń sáré nígbà tí ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan, yálà ètò kan ń ṣiṣẹ́ níkọ̀kọ̀ tàbí ooru ti mú un.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí wá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ni mò ń ṣe ní Adó níbí, ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fún lóògùn oríṣiríṣi, tí ẹnì kankan kò tíì bi í pé níbo ló ń dùn ún.

* * *

Kí Bàbá tó padà dé, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ fọ́máàtì yìí, torí pé àwọn tó ní kó lọ fọ́máàtì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ti dá sí ìbéèrè rẹ̀ níhìn-ín.

Fọ́máàtì, ìyẹn ká nu gbogbo inú háádì ká sì gbé Windows tuntun sí i, ti di panadó lọ́wọ́ wa. Mo mọ ìdí tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí fi fẹ́ràn rẹ̀. Kò gba pé ká tú ẹ̀rọ, kò gba pé kí oníbàárà ra ohunkóhun, fláàṣì kan ti tó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ti parí, owó ti wọlé. Kí n má parọ́, kọ̀ǹpútà náà á yá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé, nítorí gbogbo àwọn ètò tó máa ń jí pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀ ti lọ, ìdọ̀tí inú rẹ̀ ti lọ, kò sì tíì sí ohun tó ń wá àtúnṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n Windows yóò fa àwọn àtúnṣe rẹ̀ wálẹ̀, ẹ ó tún gbé Chrome, Office, Zoom àti antivirus padà sórí rẹ̀, ẹ ó sì bá ara yín níbi tí ẹ ti kúrò. Háádì tó ń falẹ̀ kò di ọmọdé nítorí pé wọ́n nù ún.

Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Atẹ̀wé, láti Ìkẹ́rẹ́, sọ pé gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá gba ọlidé ni òun ń fọ́máàtì àwọn kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ òun, wọ́n sì máa ń já fáfá. Mi ò bá a jà. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń ki fláàṣì bọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, fáírọ́ọ̀sì ń wọlé bí wọ́n ṣe ń wọlé, fọ́máàtì bọ́gbọ́n mu níbẹ̀, pàápàá bí kò bá sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìjọ ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó tún ń bá fọ́máàtì rìn tí a kì í sọ fún oníbàárà: fọ́tò tó wà ní Desktop àti ní Downloads, tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gbàgbé láti kó, nítorí Documents nìkan ló rántí. Office tí ẹ fi owó rà, tí ẹ ò sì mọ ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà mọ́. Èyí tó burú jù ni Windows ayédèrú tí wọ́n á fi rọ́pò Windows tó bá kọ̀ǹpútà náà wá, tí wọ́n ti pa àtúnṣe rẹ̀, tí wọ́n sì ti sọ fún Defender, antivirus tó bá Windows wá, pé kó má wo ibì kan. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi já kọ́kọ́rọ́ Office gan-an ló ń jẹ CPU.

* * *

Bàbá Tíṣà kọ̀wé padà: "Mo ti wò ó. Disk wà ní 100% láti ìgbà tí mo ti ṣí i, kò sọ̀ kalẹ̀. Memory wà láàárín 70 sí 80. CPU kéré. Mo tún gbọ́ ohùn kan nínú rẹ̀, ó ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́."

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Háádì ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ lè dá ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan mìíràn fún yín lóhùn. Inú háádì yín ní àwo kan tó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú apá kékeré kan tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ láti wá ohun tí Windows béèrè. Bó bá jẹ́ fíìmù gígùn kan ni ẹ ní kó kà, kò burú, ó lè ka bíi 100MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows 10 bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, èyí wà níhìn-ín, ìyẹn wà lọ́hùn-ún. Apá yẹn ní láti rìn dé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kò sì lè mú ju bí ọgọ́rùn-ún irú wọn lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD, ohun ìgbàlódé tí wọ́n fi ń rọ́pò háádì, kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun tó ń rìn nínú rẹ̀. Bíi 500MB ló ń kà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bó bá jẹ́ irú èyí tó máa wọ kọ̀ǹpútà yín, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn gan-an lẹ máa rí. Àwọn fáìlì kéékèèké yẹn ló ń kó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jí fi lè jí láàárín ìṣẹ́jú kan, láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ohun mìíràn nínú rẹ̀.

Nípa ohùn kẹ́kẹ́kẹ́ yẹn: ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíákíá mọ́, ọ̀rọ̀ kí nǹkan má sọnù ni. Ẹ wá fláàṣì tàbí háádì ìta lónìí, kí ẹ kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ ìjọ àti fọ́tò yín síta kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ọmọ kan bá wà nílé tó mọ̀ ọ́n lò, kó gbé CrystalDiskInfo sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá kọ "Caution" pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè tàbí "Bad" pẹ̀lú àwọ̀ pupa, háádì náà ti ń dágbére. Fọ́máàtì tí wọ́n ní kí ẹ lọ ṣe yẹn, orí háádì tó ń kú ni wọn ì bá ti ṣe é.

Èyí tó fà á pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí iná ọba bá lọ lójijì nígbà tí bátìrì ti kú, apá inú háádì ṣì wà lórí iṣẹ́ nígbà náà. Ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká láìsí bátìrì nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bátìrì fún un.

* * *

Ọmọ Bàbá náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí láti Èkó, ó ní RAM lòun ṣì dúró lé, pé 4GB kò tó ẹnikẹ́ni mọ́ láyé ìsinsìnyí.

Ẹ̀gbọ́n, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Bí Windows 10 bá jí tán, tí ẹ ò tíì ṣí nǹkan kan, ó ti lè gba bíi 2GB nínú 4GB. Bí ẹ bá wá ṣí Chrome pẹ̀lú táàbù bíi mélòó kan, ó ti tán. Àmọ́ bí RAM bá ti kún, Windows kì í sọ pé ó tó. Orí háádì ló ń lọ kó ẹrù tó kù sí. Nítorí náà RAM tó kún máa ń fara hàn lára Disk, ìdí nìyí tí a fi ń ṣi í mú. Nígbà tí SSD bá wà níbẹ̀, kódà bí RAM bá kún, ẹrù tó ń kó lọ kó bọ̀ yẹn yóò yá. Bí háádì àtijọ́ bá sì wà níbẹ̀, ẹ gbé RAM dé 16GB, bó ṣe ń pẹ́ kó tó jí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Tí owó bá tó ìkan péré, SSD. Tí owó bá tó méjì, SSD àti RAM 8GB. Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ yìí padà fún ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó ra RAM o, ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Ẹ lọ sí Settings, System, About. Bí ẹ bá rí "32-bit operating system" níbẹ̀, ẹ dúró ná, torí pé Windows yẹn kò lè lò ju bíi 4GB lọ bí ẹ tilẹ̀ ki 8GB sí i. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá láti Ìjerò, ó ń bínú sí ẹni tó tà á fún un, bẹ́ẹ̀ RAM náà kò ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ jáde, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bó bá jẹ́ PC3L, PC3L náà ni kí ẹ rà. PC4 kò ní wọ̀ ọ́, bí ẹ bá fipá tì í, ẹ ó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìkẹta, ẹ wò ó bóyá ojúhò méjì ni tàbí ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ méjì tí ọ̀kan sì ṣófo, 4GB kan lẹ máa fi ti èyí tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn, kò dìgbà tí ẹ bá ra 8GB odindi.

* * *

Wọ́n ń bi mí bí wọ́n ṣe ń gbé SSD wọlé. SSD onígun mẹ́rin tó rí pẹlẹbẹ, oní-íńṣì 2.5, SATA, òun ló máa wọ ilé háádì yín gẹ́ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta M.2, irú SSD mìíràn, fún yín nítorí pé ó kéré tó rẹwà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Core i3 àtijọ́ yẹn kò ní ibi tí wọ́n máa fi í sí. 240GB tàbí 256GB tó fún Bàbá.

Àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀ ni pé ṣé ká ṣe àdàkọ gbogbo ohun tó wà lórí háádì sórí SSD, àbí ká gbé Windows tuntun sí i. Àwọn kan ní àdàkọ máa ń gbé ìdọ̀tí àtijọ́ wá. Òótọ́ ni, àmọ́ fún àgbàlagbà tó mọ ibi tí gbogbo nǹkan rẹ̀ wà lójú iboju, bí ó bá jí kó rí i pé nǹkan wà ní àyè wọn, ìyẹn ju ìmọ́tótó lọ. Clonezilla ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó ń ṣe SSD náà sì máa ń fi ètò tiwọn ṣe ẹ̀bùn. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni bí háádì bá ti bàjẹ́ díẹ̀ níbì kan. Àdàkọ á dúró sójú ọ̀nà. Lọ́dọ̀ Bàbá, pẹ̀lú kẹ́kẹ́kẹ́ yẹn, Windows tuntun ni mo rò pé ó máa já sí. Ẹ wá rí i, a padà sí ohun tó jọ fọ́máàtì, ṣùgbọ́n lórí SSD tuntun ni, nígbà tí fáìlì yín ṣì wà lódindi lórí háádì.

Fún àwọn tí háádì wọn ṣì dára, ẹ má sọ ọ́ nù. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní ibi tí wọ́n ń ki CD sí, tí ẹ ò sì lò ó mọ́, ẹ yọ ẹ̀rọ CD náà, ẹ ra caddy, férémù tó ń gba háádì sí àyè CD, kí ẹ fi háádì síbẹ̀. Ẹ wọn ìnípọn rẹ̀ kí ẹ tó rà á, torí 9.5mm wà, 12.7mm náà wà. SSD á máa gbé Windows, háádì á máa gbé fọ́tò àti fíìmù.

* * *

Ọ̀gá Atẹ̀wé tún béèrè pé: "Tèmi máa ń yá láàárọ̀, bó bá di ọ̀sán, ó di òkúta. Ṣé háádì náà ni?"

Rárá o, ooru nìyẹn. Ohun tó ń ronú nínú kọ̀ǹpútà mọ ìgbà tí ara òun ti gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń dín eré kù kó má bàa jóná. Ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ wo fáànù. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, tí erùpẹ̀ pupa ojú títì tí wọn ò fi ọ̀dà sí tún bá a dàpọ̀, ó máa ń di ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ gbà jáde bí aṣọ. Mo ti yọ ìyẹ́ adìyẹ jáde nínú kọ̀ǹpútà rí. Mo ti yọ odindi aáyán tó gbẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ fẹ́ erùpẹ̀ rẹ̀ jáde, ẹ fi ìka tàbí igi bíro di fáànù mú kó má yí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yí i ní àyíjù, ó lè ba bẹ́árìn rẹ̀ jẹ́. Ìkunra tó wà láàárín CPU àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀ máa ń gbẹ bó bá ti pẹ́. Ẹ nù ún kúrò, ẹ fi tuntun sí i, ìwọ̀nba bíi èso ẹ̀wà kan ti tó, kì í ṣe bọ́tà. Iṣẹ́ yìí ò gbówó lórí, ó sì máa ń gba kọ̀ǹpútà là ju fọ́máàtì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, abẹ́ ló ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dí imú rẹ̀.

Ẹnì kan ní Ìfàkì sọ pé Dell òun falẹ̀ lójijì lọ́jọ́ tó pààrọ̀ ṣájà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣájà náà ni. Bí Dell kò bá dá ṣájà mọ̀, ó lè dín eré ara rẹ̀ kù, ó sì lè kọ̀ láti fi iná sí bátìrì. Ó tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ sójú iboju nígbà tó bá ń jí, àmọ́ a máa ń tẹ̀ ẹ́ kọjá láì kà á. Ẹ wá ṣájà tirẹ̀ gan-an kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ wa.

* * *

Àwọn ohun ọ̀fẹ́ tó wúlò, kí n tó gbàgbé. Nínú Task Manager yẹn náà, ẹ lọ sí "Startup", ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ ò nílò kó jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà: Spotify, Teams, ohun tó ń wá àtúnṣe Adobe. Pípa á níbẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò, ó kàn ní kó dúró dìgbà tí ẹ bá pè é. Ẹ má jẹ́ kí ojú C, ibi tí Windows wà, kún fọ́fọ́.

Tí ẹ bá ń lo dátà fóònù láti fi sopọ̀, ẹ ṣí ojú ìsopọ̀ yẹn kí ẹ tan "Metered connection". Windows á yé fa àtúnṣe ńláńlá wálẹ̀ láàárín iṣẹ́, dátà yín náà á sì pẹ́.

Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí: láti ìgbà Windows 8, "Shut down" kì í pa gbogbo nǹkan tán. Ó máa ń tọ́jú apá kan sórí disk kó lè tètè jí lọ́la. Nítorí náà ẹni tó ń sọ pé "alaalẹ́ ni mò ń pa á" lè má tíì pa á ní tòótọ́ láti oṣù méjì. "Restart" ló ń pa á tán. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀.

Ohun ọ̀fẹ́ tí kò wúlò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó ń jẹ́ Booster, Cleaner, Driver Updater, tó ń fi àwọ̀ pupa sọ fún yín pé àṣìṣe ẹgbẹ̀rún kan wà nínú registry yín, ẹ yọ wọ́n. Ẹ̀rù ló ń tà. Antivirus méjì lórí kọ̀ǹpútà kan kò fún yín ní ààbò méjì, àwọn méjèèjì á máa yẹ fáìlì kan náà wò, háádì yín ló ń jìyà. Defender tó bá Windows 10 wá tó fún ilé. Ẹnì kan tún mú ReadyBoost wá, pé ká ki fláàṣì kó dà bíi RAM. Ìmọ̀ràn ayé Windows Vista nìyẹn, ọdún 2007. Ẹ fi fláàṣì yẹn kó fọ́tò.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yẹ́ wá sọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀: pé kí ni à ń jókòó ti Windows 10 sí, ó ti kú, ká fi Rufus, ètò tó ń gbé Windows sórí fláàṣì, gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ Bàbá.

Àbúrò, ẹ̀rọ Bàbá kò tó o. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, òótọ́ ni. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tó ń wà nínú ẹ̀rọ, ó sì ń béèrè Intel ìran kẹjọ sókè. Lóòótọ́, o lè fi ọgbọ́n kọjá ẹnubodè yẹn. Ṣùgbọ́n Windows 11 wúwo ju 10 lọ lórí 4GB, àtúnṣe ńlá tó bá sì dé lọ́la lè kọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìwọ á ti kọjá sí ìpele mìíràn nígbà náà, Bàbá ló máa jókòó tì í. Ọ̀nà kan ṣì wà: Microsoft ṣí ìforúkọsílẹ̀ ESU, àfikún àtúnṣe ààbò fún Windows 10, sílẹ̀ fún onílé, àtúnṣe ààbò á sì máa wá títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Kò pọn dandan kí ẹ san owó. Àkáǹtì Microsoft ni ẹ máa fi wọlé kí ẹ sì gbà kó tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Linux Mint Xfce, tó ń dípò Windows, ni èmi yóò gbé sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú LibreOffice tó ń dípò Office. Kò wúwo, ọ̀fẹ́ ni, fáírọ́ọ̀sì inú fláàṣì wa kò sì mọ̀ ọ́n. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, àwọn kan ti ń sọ ọ́: ètò JAMB tí àwọn ọmọ fi ń dánra wò, Windows ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Àtẹ (table) inú Word tí wọ́n tò dáadáa náà lè yà díẹ̀ bí ẹ bá ṣí i nínú LibreOffice. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí Bàbá lọ síbẹ̀ lónìí. Ẹni tó wà lórí Windows 7 ni kó yára, torí Chrome gan-an ti fi í sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023.

* * *

Fún ẹni tó ní ká kúkú ra òmíràn: bí bọ́ọ̀dù bá ti jóná tàbí tí ojú rẹ̀ fọ́ tí hínjì sì ṣẹ́, mo bá yín lọ. Bó bá jẹ́ fífalẹ̀ nìkan ni, tòkunbọ̀ tí ẹ máa rà lè ní háádì àtijọ́ kan náà nínú, ẹ ó sì padà wá béèrè ìbéèrè yìí. Bí ẹ bá ń rà á, ní Òkèṣà tàbí ní Ìkẹjà, ẹ má gbọ́ "Core i5" kí ẹ máa yọ̀. Ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀lé e. i5-3210M, 3 yẹn ní ìran kẹta ni. i5-8250U, ìran kẹjọ ni, òun ni Windows 11 gbà. i5 àtijọ́ àti i5 yìí kì í ṣe ẹgbẹ́, bó ti wù kí àwọ̀ ara wọn jọra.

Ẹ ṣọ́ra fún SSD àti fláàṣì tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó tó kọjá òye, tí wọ́n kọ 2TB sí lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré gan-an nínú. Wọ́n á gba fáìlì yín, wọn ò ní lè dá a padà. Ètò kan tó ń jẹ́ H2testw lẹ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà fún ẹni tó tà á tó kọjá.

* * *

Bàbá Tíṣà: "Ó ti yé mi. Mo ti kó àkọsílẹ̀ ìjọ sórí fláàṣì, ọmọ-ọmọ mi ló bá mi ṣe é. Ọmọkùnrin àdúgbò wa ní òun lè fi SSD sí i. Kí ni kí n sọ fún un?"

Ẹ sọ fún un pé kó ra SATA 2.5, 256GB, èyí tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sí, tó sì ní gàrántì. Kó tún nu fáànù nígbà tó bá ti tú u. Kó gbé Windows 10 onítọ̀hún padà sí i, èyí tó bá HP náà wá. Bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá ti wà nínú bọ́ọ̀dù, yóò dá ara rẹ̀ mọ̀ tó bá ti fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní béèrè nọ́ńbà. Ẹ jókòó tì í bó bá ń tú u, ẹ má fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ di ọ̀la. RAM di oṣù tó ń bọ̀.

Kó sì dá háádì àtijọ́ yẹn padà lé yín lọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, bó ti wù kó máa sọ pé ó ti bàjẹ́. Orúkọ àwọn tó dá owó ní ìjọ ṣì wà nínú rẹ̀.